Ẹ Má Dá Ẹgbẹ́ Tuntun Sílẹ̀: Ìrírí Mi Lórí Ìrìn Ìlera ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ẹni tó bá bi mí bí a ṣe ń mú kí ará àdúgbò máa rìn kí ọkàn wọn lè le dáadáa, ìdáhùn mi kì í yí padà: má dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀. Ìjẹ̀bú kò ṣaláìní ẹgbẹ́. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wà, ẹgbẹ́ ọlọ́jà wà, ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wà, àsàlátù ọjọ́ Àìkú wà, àjọ wà, ẹgbẹ́ onílé àdúgbò náà wà. Ẹgbẹ́ ìrìn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ á kọ́kọ́ yan alága, á yan akápò, á dá owó aṣọ, á sì ti tú ká kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni tó gbóná. Ẹgbẹ́ tó ti wà nílẹ̀ ní ìwé orúkọ, ó ní ọjọ́ ìpàdé, ó ní owó ìtanràn fún ẹni tó bá pẹ́, ó sì ní àgbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yìn irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kí ìrìn gùn.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ló rọrùn jù lọ fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé ẹgbẹ́ ọjọ́ orí ni. Àwọn tí a bí láàárín ọdún díẹ̀ síra wọn ló jọ wà níbẹ̀, nítorí náà ẹsẹ̀ wọn máa ń bára mu. Kò sí géńdé tí yóò sá fi bàbá àgbà sílẹ̀ sẹ́yìn. Ohun tó ń ṣe wọ́n náà sábà máa ń jọra. Wọ́n sì ní Ojúde Ọba. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, lójú gbogbo ayé, wọn á tò, wọn á jó síwájú ibùjókòó Awùjalẹ̀ nínú aṣọ tó wúwo, lábẹ́ oòrùn. Ẹni tí èémí rẹ̀ já kó tó dé iwájú mọ ara rẹ̀. Dípò kí n sọ fún wọn pé “ẹ máa rìn kí rọpárọsẹ̀ má baà kọ lù yín”, ohun tí mo máa ń sọ ni pé “ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 12 ṣáájú Ojúde Ọba, kí ijó lè dùn ún wò.” Iléyá máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 tètè dé ju ti èṣí lọ, nítorí náà ẹ ka ọ̀sẹ̀ 12 náà sẹ́yìn lórí kàlẹ́ńdà, ẹ má fojú díwọ̀n. Ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù kì í pẹ́ lára èèyàn. Ọ̀rọ̀ iyì máa ń pẹ́, lára Ìjẹ̀bú pàápàá.

Ní Ṣágámù, Ìpẹru, Ìkẹ́nnẹ́, Ìlíṣàn àti Ìṣarà, ẹgbẹ́ ìjọ àti ẹgbẹ́ ọlọ́jà ni ẹnu ọ̀nà tó ṣí jù. Ìyá ọlọ́jà á sọ pé àárọ̀ dalẹ́ lòun ń rìn. Ẹ má bá a jiyàn, àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: ọ̀pọ̀ wọn jókòó ti igbá láti aago 8 àárọ̀ títí di aago 6 ìrọ̀lẹ́, ọ̀kadà ló gbé wọn wá, ọ̀kadà ni yóò gbé wọn lọ. Ohun tó rọrùn fún wọn ni kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ níbi tó ku ìrìn ìṣẹ́jú 15 kí wọ́n dé ọjà, kí wọ́n fẹsẹ̀ rin ìyókù, kí wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń padà. Ẹrù lè máa bá ọ̀kadà lọ. Ìṣẹ́jú 30 lọ́jọ́ nìyẹn. Tó bá di ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, ó pé ìṣẹ́jú 150, iye tó kéré jù tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá sì ṣírò owó ọ̀kadà tó kù sápò rẹ̀ lópin oṣù kò nílò ìyànjú mìíràn.

Ẹni tó fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà wọ ìpàdé, kó kọ́kọ́ lọ rí olórí ẹgbẹ́ nílé. Kó bẹ̀bẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 péré, kó sì jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé. Tó bá di lẹ́yìn ọ̀rọ̀ owó, ojú gbogbo wọn ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Tó bá di lẹ́yìn oúnjẹ, ó tán nìyẹn. Má kó ìwé àsọyé dání. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ni kí o gbé lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fi ẹ̀fọ́rí tàbí òòyì kìlọ̀. Èèyàn lè máa gbé e kiri fún ọdún púpọ̀ láìmọ̀. Nọ́ńbà tó bá rí fún ara rẹ̀ ni yóò bá a sọ̀rọ̀.

Àmọ́ ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́ jù nìyẹn, torí ọ̀pọ̀ ló ń fi ẹ̀rọ yẹn purọ́ láìmọ̀.

Ẹni tí a fẹ́ wọ̀n gbọ́dọ̀ jókòó fún ìṣẹ́jú 5 kí a tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Àga tó ní ẹ̀yìn ni kó jókòó lé, kì í ṣe bẹ́ǹṣì tàbí àpótí. Kó fẹ̀yìn tì í, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, kó má fi ọ̀kan kọ́ èkejì. Kí apá sinmi lórí tábìlì, kí ibi tí a wé aṣọ ẹ̀rọ mọ́ wà ní ọ̀gangan ọkàn. Tí apá bá rọ̀ sísàlẹ̀, nọ́ńbà á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Kó ti lọ tọ̀ kó tó jókòó, torí ìtọ̀ tó bá há mọ́ni náà ń gbé ìfúnpá sókè. Kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, ẹni tó ń wọ̀n ọ́n náà kò gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Èyí ló ṣòro jù níbi ìpàdé. Ẹ gbé tábìlì náà sí yàrá mìíràn, tàbí abẹ́ igi tó jìnnà díẹ̀ sí èrò.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ aṣọ. Apá bùbá tó fún, tí a ká sókè dé èjìká, ti di okùn tó fún apá. Ẹ̀rọ kò lè sọ òótọ́ lórí irú apá bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì wé aṣọ ẹ̀rọ lé orí aṣọ tí èèyàn wọ̀. Ẹ fi í sínú àtẹ̀jíṣẹ́ ìpàdé pé kí gbogbo èèyàn wọ aṣọ tí apá rẹ̀ á ṣeé bọ́. Etí ìsàlẹ̀ aṣọ ẹ̀rọ máa ń fi nǹkan bí ìka méjì ga ju ibi tí ìgbọ̀nwọ́ ti ń ṣẹ́po lọ. Kó fún níwọ̀nba, kí ìka kan tàbí méjì lè wọ abẹ́ rẹ̀. Kí ẹ tó wé e, ẹ fi téèpù àwọn télọ̀ wọn àárín apá, láàárín èjìká àti ìgbọ̀nwọ́. Aṣọ tó bá ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wá wà fún apá tí àyíká rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 22 sí 32. Tí apá bá ju ìyẹn lọ, ẹ ra aṣọ ẹ̀rọ ńlá. Ó máa ń wà lọ́tọ̀. Aṣọ kékeré lórí apá ńlá á sọ ẹni tí ara rẹ̀ dá di aláìsàn, wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní oògùn tí kò nílò. Bí ẹgbẹ́ bá ní owó tó lè ra ẹ̀rọ méjì, mo fara mọ́ kí wọ́n ra ẹ̀rọ kan àti aṣọ méjì. Ẹ máa gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ilé ìlera alábọ́ọ́dé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí nọ́ọ̀sì fi í wọn èèyàn kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, kí ẹ mọ̀ bóyá ó ti ń ṣìnà. Bátìrì tó ti rẹ̀ náà máa ń da iṣẹ́ rú, ẹ ní tuntun lápò.

Ní Ṣágámù, ẹ béèrè obì. Ìlú tí wọ́n ti ń kó obì jọ ránṣẹ́ sí òkè ọya ni, obì kì í sì í jìnnà sí ẹnu àgbà níbi ìpàdé. Kaféènì tó wà nínú kọfí náà ló wà nínú obì, ó sì lè gbé ìfúnpá sókè fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó bá jẹ obì, tó mu kọfí, tó fa sìgá, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn dé, kó dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé ṣáájú ìrìn ni kí ẹ máa wọ̀n, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ń wọ̀n lẹ́yìn ìrìn ló máa ń wá sọ pé ìrìn ló ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ẹ wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín, kí ẹ pa méjèèjì pọ̀, kí ẹ sì pín in sí méjì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ wọn apá ọ̀tún àti ti òsì. Apá tí tirẹ̀ bá ga jù ni kí ẹ máa lò títí lọ. Ẹ kọ ọjọ́, aago, apá tí ẹ lò àti nọ́ńbà méjèèjì sínú ìwé pélébé tí oníkálùkù á máa mú lọ sílé. Ẹ má ṣe pariwo nọ́ńbà ẹnikẹ́ni. Tí ẹ bá pè é síta lẹ́ẹ̀kan, ẹni tí tirẹ̀ ga kò ní padà wá mọ́, àwọn tó gbọ́ náà kò ní wá.

Nọ́ńbà tó bá wà lábẹ́ 120 lókè àti 80 nísàlẹ̀ dára. Tó bá tó 140 lókè, tàbí 90 nísàlẹ̀, tí ó sì tún rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà níbẹ̀, kó mú ìwé náà lọ bá dókítà. Ẹni tó bá wà láàárín méjèèjì, ẹ tún un wọ̀n ní ìpàdé tó ń bọ̀. Oúnjẹ àti ìrìn lè tó fún un. Tó bá tó 180 lókè tàbí 120 nísàlẹ̀, ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ tún un wọ̀n. Bó bá ṣì wà bẹ́ẹ̀, kò ní bá yín rìn. Ilé ìwòsàn ni yóò lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Tí àyà bá ń dùn ún pẹ̀lú rẹ̀, tàbí tí kò lè mí dáadáa, tàbí tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ẹ má dúró tún ohunkóhun wọ̀n.

Ní ti ìrìn gan-an, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n rin wákàtí kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nítorí pé inú wọn dùn. Lọ́jọ́ kejì orúnkún á wú, ìdajì wọn ò ní wá mọ́. Ọ̀sẹ̀ 1 àti 2, ẹ rin ìṣẹ́jú 10 ní ọjọ́ 3. Ọ̀sẹ̀ 3 àti 4, ìṣẹ́jú 15 ní ọjọ́ 3. Ọ̀sẹ̀ 5 àti 6, ìṣẹ́jú 20 ní ọjọ́ 4. Ọ̀sẹ̀ 7 àti 8, ìṣẹ́jú 25 ní ọjọ́ 4. Láti ọ̀sẹ̀ 9 lọ, ìṣẹ́jú 30 ní ọjọ́ 5. Ìṣẹ́jú 5 àkọ́kọ́ àti 5 ìkẹyìn tí ẹ fi ń rìn pẹ̀lẹ́ kò sí nínú ìṣirò yìí. Ẹni tó bá dúró lójijì lẹ́yìn ìrìn kíákíá lè ṣubú, torí ẹ̀jẹ̀ á ṣì wà lẹ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ kó rora dín ìyára rẹ̀ kù.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìrìn náà kì í ṣe ìrìn ìgbafẹ́ nìyí: ẹ ka ìgbésẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 15. Tó bá tó 25, ó jẹ́ nǹkan bí 100 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ti tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọ̀nà mìíràn ni ti ẹnu: kó lè bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀, àmọ́ kó má lè kọrin. Ẹgbẹ́ ìyá ìjọ tó bá ń kọrin geere lójú ọ̀nà kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Ẹ tọ́jú orin dé ìṣẹ́jú 5 ìkẹyìn. Ẹni tí kò bá sì lè sọ gbólóhùn kan parí, kó dín in kù.

Pápá bọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ dára ju títì lọ. Pápá tó bá gùn ní mítà 105, tó fẹ̀ ní 68, àyíká rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 350. Ìyípo mẹ́ta dín díẹ̀ ni kìlómítà kan. Ẹni tó ń yára àti ẹni tó ń fà á á sì jọ wà lójú kan náà, kò sí pé wọ́n fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Bó bá jẹ́ títì lẹ máa lò, ẹ rìn ní ọwọ́ òsì kí ẹ lè máa rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ní ìlà mẹ́rin bí ẹni tó ń ṣe ìwọ́de. Aṣọ funfun ni kí ẹ wọ̀ bí ilẹ̀ kò bá tíì mọ́. Ẹ yẹra fún etí òpópónà Ṣágámù sí Òrè pátápátá, bó ti wù kó tẹ́jú tó.

Ọ̀rọ̀ bàtà kò gba àríyànjiyàn: kàńfáàsì tó nípọn nísàlẹ̀, tó ku àyè àtàǹpàkò kan níwájú. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ rìn láìwọ bàtà, kó máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò tó bá délé, torí ó lè gúnṣẹ̀ kó má mọ̀; kó sì ní ṣúgà oníhóró mẹ́ta tàbí mẹ́rin lápò, bí òòyì àti òógùn tútù bá dé.

Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ fi iṣẹ́ iṣan kún un. Àga ìpàdé ti tó: kí wọ́n dìde, kí wọ́n jókòó, ìgbà 10, láìfi ọwọ́ ti nǹkan bó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n tún un ṣe. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fọwọ́ ti ògiri, kí wọ́n rọ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n sì ta sẹ́yìn, ìgbà 10. Kí wọ́n máa mí sóde bí wọ́n bá ń lo agbára. Ẹni tó bá sé èémí mọ́nú á mú kí ìfúnpá rẹ̀ fò sókè lójijì.

Gbogbo ìrìn yìí, ìkòkò lè jẹ ẹ́ run. Iyọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí fún àgbàlagbà kò tó gíráàmù 5 lóòjọ́, ìyẹn ṣíbí tíì kan tí a fi ọ̀bẹ pa lójú, àpapọ̀ gbogbo ohun tó bá jẹ láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ jẹ́ ká mú ìkókórẹ́ wò, torí kò sí bí a ṣe máa sọ̀rọ̀ ìlera ní Ìjẹ̀bú kí a fò ó dá. Ìkòkò tí yóò tó èèyàn 6, ọ̀pọ̀ máa ń fi màgí oníhóró 4 sí i àti ṣíbí tíì iyọ̀ kan. Hóró màgí kan wọn nǹkan bí gíráàmù 4, ó kéré tán nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni iyọ̀. Hóró mẹ́rin ti di gíráàmù 8. Pẹ̀lú iyọ̀ ṣíbí kan, ó di 13. Pín in fún èèyàn 6: oníkálùkù ti jẹ ju gíráàmù 2 lọ nínú àwo kan, a ò sì tíì ka edé, ẹja gbígbẹ àti ṣakí. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ pé àwọn kì í jẹ iyọ̀. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, ike iyọ̀ ni wọn kì í fọwọ́ kàn. Màgí ni wọ́n ń jẹ.

Ohun tó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn alásè ẹgbẹ́ ni kí a má yọ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ yọ iyọ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ fi màgí 4 sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ dín in sí 3. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, 2. Lẹ́yìn náà, 1. Ahọ́n máa ń gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, bí ẹ kò bá sọ fún un. Ní ipò ohun tí ẹ ń yọ, ẹ fi àlùbọ́sà gígún, ata rodo, irú àti edé lílọ̀ kún un. Ẹ fi omi gbígbóná ṣan ẹja gbígbẹ, kí ẹ da omi náà nù, kó lè bá iyọ̀ ojú rẹ̀ lọ. Ewùrà fúnra rẹ̀ kò ní ìṣòro. Ẹ kàn má jẹ́ kí ó ṣomi jù nígbà tí ẹ bá ń rin ín. Tó bá ṣomi, kò ní dì, alásè á sì máa wá epo àti màgí kún un kó lè jọ nǹkan. Epo pupa, ife kan ni mo máa ń rí kí wọ́n dà sí i. Ṣíbí ìjẹun 4 tó ìkòkò yẹn. Nǹkan bí ìdajì ọ̀rá inú epo pupa jẹ́ irú tó ń gbé ọ̀rá búburú inú ẹ̀jẹ̀ sókè, nítorí náà kì í ṣe pé kí ẹ má jẹ ẹ́, kí ẹ wọ̀n ọ́n ni. Ọbẹ̀ àyàmáṣe burú jù ní ti èyí. Ó dáa, ẹ jẹ́ kó jinná, kó sinmi, kí ẹ fi ìpọnbẹ̀ ré epo tó léfòó kúrò kí ẹ tó bù ú fún èèyàn.

Ẹ ṣọ́ra fún kaun nínú ewédú, ilá àti ẹ̀wà. Kì í ṣe iyọ̀ lẹ́nu, àmọ́ èròjà sódíọ̀mù tó wà nínú iyọ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀wà tí a bá rẹ sómi di ọjọ́ kejì máa ń rọ̀ láìsí kaun. Ní ti iyọ̀ pàtàkì tí wọ́n ń tà pé ó dára fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ní pọ̀tásíọ̀mù. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dára, tàbí tó ń lo oògùn kan tó ń mú pọ̀tásíọ̀mù ga, lè fi í pa ara rẹ̀ lára. Kó béèrè lọ́wọ́ dókítà kó tó rà á.

Gàrí Ìjẹ̀bú kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ṣúgà tó tẹ̀ lé e wọlé ni ká bá wí. Ẹ̀pà yíyan tí kò ní iyọ̀ bá a mu jù. Ní Rẹ́mọ, ẹ̀bìrìpò jẹ́ oúnjẹ tí a sè nínú ewé, kí ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi dídín rọ́pò rẹ̀ níbi ayẹyẹ. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ fi sínú òfin ni oúnjẹ lẹ́yìn ìrìn. Wọ́n á rin ìṣẹ́jú 30, wọ́n á wá fi mítípáì àti mínírà ṣayọ̀. Ẹ fún wọn ní omi, ọsàn, ìbẹ́pẹ, àgbàdo sísè. Ó pọ̀n dandan, kì í ṣe ìyànjú.

Òde àríyá ọjọ́ Sátidé kì í ṣe ọ̀tá. Ijó wákàtí kan níwájú onílù, òógùn á là, ó tó ìrìn. Ohun tó ń bàjẹ́ ni àwo kejì àti ọtí. Ẹni tó bá fẹ́ jó, kó jó kó tó jẹun.

Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọ́dọ̀ dá a dúró nítorí pé nọ́ńbà rẹ̀ ti wálẹ̀. Oògùn náà ló mú un wálẹ̀. Bí ìrìn àti oúnjẹ bá ti ń ràn án lọ́wọ́, dókítà ló máa dín in kù fún un. Lára àwọn oògùn náà, amlodipine lè mú kí kókósẹ̀ wú. Kì í ṣe ọ̀tá ló ń ṣe é, kó sọ fún dókítà kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tó ń mú ni tọ̀ lè mú òòyì wá nínú oòrùn, nítorí náà kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ mu omi kó tó jáde, kó sì máa rìn ní àárọ̀. Ifá àti àdúrà kì í bá oògùn jà. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni du ìgbàgbọ́ rẹ̀. Àmọ́ àgbo tí wọ́n fi ọtí ṣe, ẹ sọ ọ́ ní gbangba pé ọtí ń gbé ìfúnpá sókè.

Kí ẹ tó jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ ti mọ ẹni méjì tó ní mọ́tò, kí fóònù wọn sì wà ní títàn láago 6 àárọ̀. Bí ẹnu ẹnikẹ́ni bá wọ́ sápá kan, tí ọwọ́ kan kò ṣeé gbé, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ń wọ́ mọ́ra wọn, rọpárọsẹ̀ lè ti dé nìyẹn; ẹ wo aago kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí dókítà á béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fún un ní omi, epo, àgbo tàbí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lè má ṣiṣẹ́, ó sì lè há a. Ẹ má ta omi tútù sí i lójú. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan bí kò bá mọ ara rẹ̀, kí ẹ máa lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ yín. Ní Rẹ́mọ, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Ṣágámù. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì. Bí ẹnìkan bá ṣubú tí kò dáhùn, tí kò sì mí bó ṣe yẹ, kí ẹnìkan pe ìrànlọ́wọ́, kí èkejì fi ìdí ọwọ́ méjèèjì lé àárín àyà rẹ̀, kó máa tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, kó jẹ́ kí àyà padà sókè pátápátá láàárín ìtẹ̀ kan sí èkejì, kí wọ́n sì máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn ní ìṣẹ́jú méjì-méjì. Ẹ fi pílò ṣe ìdánrawò ní ìpàdé kan. Ìṣẹ́jú 10 tí ẹ bẹ̀bẹ̀ fún ti tó.

Kàlẹ́ńdà ìlú náà ń ba ìrìn jẹ́ bí ẹ kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú. Ìgbà Orò, obìnrin kò ní jáde. Àsìkò Agẹmọ, ní nǹkan bí oṣù Keje, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n á kọjá àti ọ̀nà tí wọ́n á gbà, kí ẹ yí ìrìn àwọn obìnrin padà sínú gbọ̀ngàn. Ọjọ́ òjò, gbọ̀ngàn náà ni: ìdìde-jókòó àti ijó ìṣẹ́jú 20. Ìgbà ọyẹ́, ẹni tó ní ikọ́ fée kó dúró títí eruku á fi rọlẹ̀. Ìgbà Ààwẹ̀, ìrìn rọra lẹ́yìn ìṣínu dára ju ti òwúrọ̀ lọ. Èyí tó bá sì ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ kò rìn, ẹ padà sẹ́yìn ní ìpele méjì nínú ìṣètò òkè yẹn. Ẹni tó wà ní ìṣẹ́jú 30 á bẹ̀rẹ̀ láti 20, á sì tún máa gun ún bọ̀.